Nítorí òdòdó kan ni mo ṣe gun òkè Etinde

Ọjọ́rú, alẹ́, Èkó

Mo ti di báàgì, mo tú u, mo tún un dì. Aṣọ òjò wà níbẹ̀, bọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, páwábáǹkì méjì, gaàrí (ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọmọ Rẹ́mọ ni mí, n kì í rìnrìn-àjò láìmú gaàrí), àti lẹ́ǹsì kékeré kan tí wọ́n máa ń fi há ojú kámẹ́rà fóònù láti ya nǹkan tíntìntín. Màmá mi pè láti Ṣágámù, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Kamẹrúùnù, mo ní òdòdó ni mo fẹ́ lọ wò. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já.

"Òdòdó?"

Bẹ́ẹ̀ ni mà.

"Kò sí òdòdó ní Ṣágámù ni?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ya fọ́tò òdòdó kiri. Ewéko kan wà tó ń jẹ́ impatiens, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lè má mọ orúkọ ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n máa ń gbìn sínú ìkòkò níwájú ilé àwọn olówó l'Ékòó, pupa, funfun, pínńkì, tí igi ẹ̀ rọ̀ tó sì kún fún omi, òun nìyẹn, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni tiẹ̀ ti wá. Tí èso ẹ̀ bá gbó tó o fọwọ́ kàn án báyìí, pàù! á bú, á ta irúgbìn dànù sí gbogbo ibi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un lórúkọ yẹn, "aláìnísùúrù" ló túmọ̀ sí ní èdè Látìnì. Oríṣi tó wà láyé lé ní 1,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì fẹ́ràn òkè, òkè olótùútù tí kùrukùru máa ń bò, débi pé òkè kan lè ní tiẹ̀ tí òkè kejì tẹ́ ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ò ní.

Ọ̀kan wà nínú wọn, Impatiens etindensis, ti òkè Etinde ní Kamẹrúùnù. Ọdún 1999 ni Martin Cheek ti ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù àti Eberhard Fischer ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Orí igi ló ń gbé, ó sì ní iṣu nídìí. Iṣu o! Lórí igi! Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mo sì ti ń tọ́jú owó látìgbà náà.

Ọjọ́bọ̀, Èkó sí Dùálà sí Limbe

Bọ̀dá mi bá mi lọ. Fọ́tò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya nǹkan tí kò ní bínú sáwọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé àwọn. Ọkọ̀ òfuurufú ò pẹ́, ìṣòro tiwa bẹ̀rẹ̀ níbi owó. Mo ní sẹ́fà lápò, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí mo lọ Kútọnu, mo ti ń yọ̀ pé mi ò ní tò sídìí àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Awakọ̀ takisí wo owó náà lójú, ó wò ó lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi. Àṣé sẹ́fà Kútọnu yàtọ̀ sí sẹ́fà Dùálà! Orúkọ kan náà, iye kan náà sí owó yúrò, ṣùgbọ́n báńkì tó ń tẹ̀ wọ́n ò dọ́gba, ti Kútọnu wá láti Dákà, tibí wá láti Yaoundé, kò sí awakọ̀ tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ. Bọ̀dá mi kàn ń wò mí. Wọn ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

A sọdá odò Wouri, a gba Bonabéri, sún kẹẹrẹ gbogbo nǹkan, ó dà bí Ọ̀jọ́ta lálẹ́ Fúráìdé. Lẹ́yìn ìyẹn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko rọ́bà ló kù, wọ́n lọ salalu ní apá Tiko. Ṣẹ́kìpọ́ìǹtì wà lójú ọ̀nà, àwọn sójà wo páàsìpọ́ọ̀tù, wọ́n bi wá pé ibo là ń lọ, Bọ̀dá mi ní "òdòdó", sójà yẹn náà dákẹ́ bíi ti màmá mi. Ní Mutengene ọ̀nà pín, ọwọ́ ọ̀tún lọ Buea, ọwọ́ òsì lọ Limbe. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé. Obìnrin tó ni ilé tá a sùn sí rí bá a ṣe rí, ó ní "Ashia". Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, Píjìn tiwọn ni, kì í ṣe sọ́rì kì í sì ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù, ó kó ẹ kú ìrìn, ẹ pẹ̀lẹ́ àti ẹ kú ìrọ́jú pọ̀ sójú kan. Òyìnbó ò ní irú ẹ̀.

Fúráìdé, Limbe

Ọgbà ewéko Limbe. Àwọn ará Jámánì ló dá a sílẹ̀ ní 1892, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Paul Preuss ló jẹ́ olórí ẹ̀, kì í sì ṣe torí ẹwà o, kòkó, kọfí, rọ́bà, gbogbo ohun tí wọ́n lè gbìn kó di owó ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Ó ṣì dáa títí di òní, igi ńláńlá, odò kékeré tó gba àárín ẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ òkun.

Ohun tí mo torí ẹ̀ lọ gan-an ni yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí. Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún wa láyè, wọ́n mú fáìlì impatiens jáde. Kí n má purọ́, ó já mi kulẹ̀. Ẹ mọ ewé ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ gbàgbé sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ti lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù? Bó ṣe rí nìyẹn. Omi ló pọ̀ nínú ewéko yìí, tí wọ́n bá fi pépà tẹ̀ ẹ́ kó lè gbẹ, òdòdó ẹ̀ á ya, á sọ àwọ̀ nù, á di àwọ̀ tíì, èèyàn ò ní mọ èwo ni iwájú èwo ni ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń já òdòdó díẹ̀ sínú ìgò ọtí lọ́tọ̀, bí ẹni rẹ agbo jẹ̀díjẹ̀dí, kó má bàa pàdánù bó ṣe rí. Àǹtí yẹn gbé ìgò kan sókè sí wíńdò, òdòdó náà léfòó nínú ẹ̀, ó ti funfun, ṣùgbọ́n gbogbo ara ẹ̀ pé, títí dé ìrù.

Wọ́n tún sọ fún wa bí nǹkan ṣe ń di "tuntun". Pé o rí i nínú igbó kò tíì sọ ọ́ di nǹkan kan. O gbọ́dọ̀ já a, o gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ, kí o fi wé gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti wà ní yàrá ewéko gbígbẹ, kí o mú ẹyọ kan tó máa dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí orúkọ náà títí ayé, kí o wá kọ ọ́ jáde. Kó tó di 2012 ẹ̀wẹ̀, Látìnì lo gbọ́dọ̀ fi kọ àpèjúwe ẹ̀, wàyí o wọ́n ti gba Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi wọ́n bóyá Yorùbá náà á wọlé lọ́jọ́ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣe àwàdà o.

Alẹ́, ẹja sísun létí òkun. Yanrìn dúdú ni wọ́n ní níbẹ̀, dúdú bí èédú, torí iná tó tú jáde látinú òkè ló di yanrìn. Bọ̀dá mi jẹ ẹja méjì, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú okun fún òkè.

Sátidé, Etinde

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò ní Limbe, ọ̀kadà (bendskin làwọn ń pè é) ló gbé wa dé abúlé Ekonjo. Gáìdì wa ti ń dúró. Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n, gbogbo abúlé ń pè wọ́n ní Pa, àwa náà wá ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàtà rọ́bà ni wọ́n wọ̀, àdá kan, àpò ráìsì òfìfo kan lẹ́yìn, ó tán. Èmi pẹ̀lú bọ́ọ̀tù olówó gọbọi mi. Ẹ rántí bọ́ọ̀tù yẹn.

Òkè Etinde ò ga bí ìyá ẹ̀. Òkè ńlá Kamẹrúùnù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lé ní 4,000 mítà, Etinde jẹ́ 1,713 péré. Mo sọ "péré" nílé, mi ò sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Ìdànrè, ẹ rántí pé àtẹ̀gùn wà ní Ìdànrè. Níbí, gbòǹgbò igi ni àtẹ̀gùn, òun náà ló tún ń yọ̀ bí ilá. A kọ́kọ́ la oko kókò àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, Pa ń kí àwọn èèyàn ní èdè Bakweri, lẹ́yìn ìyẹn igbó dé, òkùnkùn dé, òjò náà dé. Ìparí oṣù kọkànlá ni, mo rò pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Pa ní ibí yìí kì í ṣe ibi téèyàn ń ro irú ẹ̀. Òótọ́ ni, Debundscha wà ní ẹsẹ̀ òkè ńlá yẹn, létí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó bíi 10,000 mílímítà, ó wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù láyé. Ìyẹn ni pé tí omi yẹn bá dúró sójú kan láìṣàn, ilé alájà mẹ́ta á mu ún.

Níbi tá a ti dúró mí ni mo ti rí àkọ́kọ́. Impatiens niamniamensis, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gangan. Ewé ẹ̀ kóra jọ sókè bí agbòjò, òdòdó wá ń yọ láti ara igi lásán nísàlẹ̀, pupa fòò, ẹnu ẹ̀ ní ìyeyè, ìrù ẹ̀ ká bí ìwọ̀ ẹja. Mo pariwo. Pa yíjú padà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, wọ́n rò pé ejò ni. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mò ń pariwo lé lórí, wọ́n ní "that one?" wọ́n sì ń bá ìrìn lọ.

Mo kúnlẹ̀ láti yà á. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, ẹ má bínú, orí ìjàlọ ni. Mi ò mọ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí mi ò lè dárúkọ níbí. Ẹni tí ìjàlọ ò bá tíì wọ ṣòkòtò ẹ̀ rí kò tíì jó. Bọ̀dá mi ya fọ́tò. Ìyẹn nìkan ni fọ́tò tó mọ́ tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, torí omi ti wọ kámẹ́rà.

Nǹkan bí aago mẹ́ta, bọ́ọ̀tù mi já. Gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣí kúrò bí ẹnu ọ̀nì. Pa yọ okùn látinú àpò ráìsì, wọ́n so ó fún mi, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo bàtà rọ́bà tiwọn. A pàgọ́ síbi pẹrẹsẹ kékeré kan. A sun ẹja gbígbẹ, èmi mu gaàrí. Pa sọ ìtàn Epasa Moto fún wa, ẹni tó ni òkè, ìdajì ara ẹ̀ èèyàn, ìdajì òkúta, wọ́n ní kí èèyàn má fi ariwo yọ ọ́ lẹ́nu. Bọ̀dá mi yíjú sí mi. Mo ní mo ti gbọ́ sà.

Sọ́ńdè, Etinde

Èyí ni ọjọ́ náà.

Kùrukùru bo gbogbo nǹkan láàárọ̀, ó dà bíi pé a wà nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní gíga ibẹ̀, igi ò ga mọ́, wọ́n kúrú, wọ́n wọ́, ewé kéékèèké tútù bo ara wọn látòkè délẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, omi ń kán láìsí òjò. Pa dúró sídìí igi kan, wọ́n fi àdá tọ́ka sókè. Mo wò, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n tún wò. Mo tún wò. Ìgbà yẹn ni mo rí i, pupa kan báyìí nínú gbogbo àwọ̀ ewé yẹn, lẹ́yìn ẹ̀ mo rí ìkejì, lẹ́yìn náà wọ́n pọ̀, àṣé wọ́n ti wà níwájú mi látẹ̀ẹ̀kan.

Impatiens frithii. Òun náà, 2002 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀. Ẹ mọ àfòmọ́, àbí? Èyí kì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ ń fi ẹnu sára igi, ó ń fa oúnjẹ ẹ̀. Èyí kàn jókòó lórí igi ni, bí ayálégbé tó ń san owó ẹ̀ déédéé, omi kùrukùru àti ìdọ̀tí ewé tó rà sára ẹ̀ka ló fi ń gbé ayé ẹ̀. Mo há lẹ́ǹsì mọ́ fóònù, mo gun gbòǹgbò kan, Bọ̀dá mi di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti itòsí. Òdòdó náà kò ju ìka ọmọdé lọ. Igi tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ ló so ó mọ́ ìyá ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èémí mi ń mì í. Iwájú ẹ̀ ṣí bí ẹnu ife, ẹ̀yìn ife yẹn fún pọ̀ di ìrù, inú ìrù yẹn ni omi dídùn wà. Ní òkè ẹnu ọ̀nà, nǹkan funfun kékeré kan wà tó dà bíi fìlà, ìyẹn ni akọ ẹ̀, ibẹ̀ ni àtíkè tí wọ́n ń pè ní pólìnì wà. Ní òdòdó kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fìlà yẹn ti jábọ́, orí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti yọ, rodo, àwọ̀ ewé, ìyẹn ni abo ẹ̀. Òdòdó kan náà ni o. Á kọ́kọ́ ṣe ọkùnrin, tí fìlà bá re bọ́, á wá di obìnrin, kó má bàa fi àtíkè ara ẹ̀ sọ ara ẹ̀ lóyún. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, àwòrán ni mo fi ń kọ́ wọn, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, fìlà kan ní orí, fìlà kejì nílẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ti frithii ni ìrù ẹ̀. Òkè ló ká sí. Ẹyẹ kékeré tó ń mu omi òdòdó níbí, ìsàlẹ̀ sì ni ẹnu wọn tẹ̀ sí. Ẹ gbé àdá sínú àkọ̀ tó tẹ̀ sódì, kò lè wọlé. Báwo ni ẹyẹ á ṣe wá mu ún? Àwọn ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì méjì, Bartoš àti Janeček, ló jókòó tì í, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2014: òdòdó yẹn máa ń yí ni. Bí ẹyẹ bá ti ń ki ẹnu bọ̀ ọ́, òdòdó á yí po lórí okùn tín-ín-rín yẹn títí ìrù ẹ̀ á fi bá ẹnu ẹyẹ mu.

Mo ti kà á, mo fẹ́ rí i. A jókòó. Wákàtí kan. Ẹsẹ̀ mi kú. Wákàtí méjì, Bọ̀dá mi ti ń hanrun. Pa fọwọ́ kàn mí lápá. Ẹyẹ kan ti bà lórí ẹ̀ka, kò tó ìkúùkù, orí ẹ̀ ń dán bí aṣọ aró tuntun, ó wo ọ̀tún ó wo òsì, ó na ọrùn, ó ki ẹnu bọ òdòdó, òdòdó sì yí. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ̀. Bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹyẹ fa ẹnu yọ, òdòdó padà sí bó ṣe wà, ó ń mì díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì gbogbo ẹ̀. Mi ò rántí ya fídíò. Mo tún jókòó wákàtí kan àtààbọ̀ sí i, ẹyẹ yẹn ò padà wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí nípa fídíò.

Etindensis wá ńkọ́, tí mo torí ẹ̀ fi owó ọdún méjì rìn? A rí i. Pa mú wa lọ sídìí igi kan tó ti wó, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì tútù yẹn sókè díẹ̀, iṣu wà níbẹ̀, iṣu kékeré, ó ṣe rodo bí ọmú iṣu ẹ̀wùrà, ewé mélòó kan sì yọ lórí ẹ̀. Òdòdó? Kò sí. Àsìkò ẹ̀ kọ́. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó rin láti Ìbàdàn wá kí èèyàn, tí wọ́n sọ fún un pé onítọ̀hún ti jáde. Pa ní "Ashia, my pikin". Wọ́n dá kápẹ́ẹ̀tì yẹn padà, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́kí, bí ẹni bo ọmọ láṣọ. Wọ́n ní àwọn ti mọ iṣu yẹn látìgbà táwọn wà lọ́mọdé táwọn ń bá bàbá àwọn dẹ igbó. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni wá bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní ta ló máa wá béèrè nǹkan tí kì í ṣe jíjẹ?

A sọ̀kalẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi nìkan ni mo mọ ìkarùn-ún.

Ọjọ́ Ajé, Limbe

Kò síbi tá a lè lọ. Láti 2017 ni ìjà ti wà ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù, gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, kò sí takisí, títì dá páropáro. Ghost town ni wọ́n ń pè é. Onílé wa ṣe kwacoco fún wa. Mo ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbóòórùn ẹ̀, mo ní Bọ̀dá mi, ẹ wá o, ẹ̀bìrìpò rèé! Kókò rírin, tí wọ́n wé séwé tí wọ́n sè, kí ni ìyàtọ̀? Tí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ epo pupa àti ẹja, wọ́n ní Bíbélì ni orúkọ ẹ̀, kwacoco Bible, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rọ̀ Olúwa títí ikùn mi fi kún.

Ọjọ́ ìsinmi yẹn ni mo fi ka nǹkan tó dùn mọ́ mi. Ní 1861 Richard Burton, kọ́ńsù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Fernando Po, lọ sí Abẹ́òkúta, ó dé ààfin Aláké, kí ọdún yẹn tó parí ó ti ń gun òkè Kamẹrúùnù. Ìwé kan ṣoṣo ló fi ròyìn ibi méjèèjì ní 1863. Àwọn tí wọ́n jọ gun òkè ni Gustav Mann tó ń kó ewéko jọ fún Kew, àti Alfred Saker, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi tó tẹ ìlú Limbe yìí dó ní 1858. Nígbà tí Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko ní Kew, ń fún impatiens apá ibí lórúkọ nílé lọ́hùn-ún, ó fi ọ̀kan jọ Burton, ọ̀kan jọ Mann, ọ̀kan jọ Saker, burtonii, mannii, sakeriana, gbogbo ẹgbẹ́ ló gba tiẹ̀. Àwọn tó ru ẹrù wọn gun òkè, òdòdó wo ló ń jẹ́ orúkọ wọn?

Mo wá rí òmíràn: Impatiens irvingii. Irving jẹ́ dókítà ọkọ̀ ojú omi ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta ló ti kó ewéko ẹ̀ jọ ní nǹkan bí 1850-sí-wájú. Abẹ́òkúta! Mo ka ibi tó ń gbé: ẹ̀bá odò, ilẹ̀ àbàtà, Gúúsù Nàìjíríà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo òrùlé.

Túsìdé sí Ọjọ́rú, Buea àti òkè ńlá

Kíá ni mo máa sọ èyí, torí òtútù ò jẹ́ kí n kọ nǹkan púpọ̀. A wọ Buea, olú-ìlú àwọn ará Jámánì láyé ìgbà kan, a gba ìwé àṣẹ pákì, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bàtà rọ́bà ni mo rà ní ọjà kí n tó gbéra, ó dáa ju bọ́ọ̀tù yẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, owó ẹ̀ ò tó ìdámẹ́wàá. Lẹ́yìn àgọ́ àkọ́kọ́, ní etí igbó kó tó di pápá koríko, la ti bá sakeriana. Ọ̀gbẹ́ni Saker ò jìyà o, tiẹ̀ ga jù mí lọ, ewé yí igi ẹ̀ ká, òdòdó pupa tí ìyeyè là á ń rọ̀ dirodiro bíi yẹtí.

Ẹyẹ orí-aró yẹn ló tún wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bà. Kò síbi tó máa bà sí, òdòdó ń rọ̀ lófìfo. Ó kàn dúró sójú òfuurufú, ìyẹ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi tó jẹ́ pé o ò rí i mọ́, ó ń mu omi dídùn ní ìdúró láìsí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àwọn ẹyẹ kékeré kan wà tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n tiwa ní Áfíríkà, bíbà ni wọ́n máa ń bà kí wọ́n tó mu. Ti òkè yìí ti kọ́ ọ nítorí òdòdó kan. Bọ̀dá mi ya fídíò ẹ̀, ó mọ́, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń rán mi létí.

Ọjọ́bọ̀, Èkó

A délé. Sẹ́fà Kútọnu mi ṣì wà lápò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ṣágámù

Mo ní kí màmá mi mú mi lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko bàbá wọn. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní "má sọ fún mi". Wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì dání, wọ́n ní a ò ní lọ lásán.

Níbi tí omi ti ń fẹ̀ sínú àbàtà, láàárín kókò igbó, ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kún ibẹ̀. Pínńkì tó fẹ́ jẹ́ àlùkò, ẹnu ẹ̀ ṣí, ìrù ẹ̀ ká sẹ́yìn. Irvingii. Mo ti wẹ̀ nínú odò yẹn nígbà tí mo wà ní pírámárì, mo ti tẹ nǹkan yìí mọ́lẹ̀ ní ìgbà tí kò níye.

Màmá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìka méjì mú èso kan tó ti wú, wọ́n rọra fún un. Pàù. Irúgbìn ta sí mi lójú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn àti àbúrò wọn máa ń fi ṣeré ìbọn níbí, ẹni tí tiẹ̀ bá ta jìnnà jù ni kò ní pọnmi lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún òmíràn, ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́. Èmi náà mú ọ̀kan, kò tíì gbó, kò bú.

Wọ́n na kẹ́ẹ̀gì sí mi.